Ibùsọ̀ Mélòó Ni Ó Wà Láàárín Salvador àti Èkó?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lónìí, ọ̀rọ̀ náà sì ni "ibùsọ̀".

Bí ẹnì kan bá bi yín pé báwo ni Èkó ti jìnnà sí London tó, ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò ṣí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò tẹ orúkọ ìlú méjèèjì síbẹ̀, yóò sì ka iye tí ẹ̀rọ náà bá gbé jáde. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ìgbà tí a bá fẹ́ sọ iye náà ní Yorùbá ni ọ̀ràn ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé "ibùsọ̀" ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu. Èrò tèmi, tí mo sì fẹ́ gbèjà rẹ̀ níhìn-ín, ni pé kí a yé fi ibùsọ̀ wọn gígùn ọ̀nà òfurufú. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì gbó rárá. Ó ní iṣẹ́ mìíràn tí a torí rẹ̀ dá a, arìnrìn-àjò òde òní sì nílò iṣẹ́ náà púpọ̀púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe ìṣirò díẹ̀. Láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà títí dé Heathrow ní London, ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ lójú òfurufú tó bíi 5,000 kìlómítà. Bí àwọn baba wa bá ń kà á, wọn yóò pè é ní ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹni tí ó bá ń fi máìlì kà yóò ní bíi 3,100 ni. Àwọn awakọ̀ òfurufú sì ní máìlì tiwọn lọ́tọ̀, èyí tí wọ́n jogún lọ́wọ́ àwọn atukọ̀ ojú omi, tí ẹyọ kan rẹ̀ jẹ́ 1.852 kìlómítà, ní tiwọn, ọ̀nà kan náà kò ju bíi 2,700 lọ. Iye mẹ́ta ni èyí fún ọ̀nà kan ṣoṣo. Mo ti ka ìwé ìròyìn Yorùbá tí ó pe kìlómítà ní ibùsọ̀, mo sì ti ka òmíràn tí ó pe máìlì ní ibùsọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá pàdé "5,000 ibùsọ̀" nínú ìwé, èwo ni yóò mú níbẹ̀? Bí ó bá mú un ní máìlì, ó ti fi bíi 3,000 kìlómítà kún ọ̀nà London. Bàálù rẹ̀ yóò ti fò kọjá gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yóò ti wọ inú yìnyín ìhà àríwá ayé lọ níbi tí kò sí ẹni tí yóò kí i káàbọ̀.

Kí ni ibùsọ̀ gan-an? Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tí wọ́n jọ ń rìn: rù, àti sọ̀. A máa ń ru ẹrù, a sì máa ń sọ̀ ọ́. Ẹni tí ẹrù bá wọ̀ lọ́rùn á ké sí ẹni tí ó wà nítòsí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ̀ mí." Ibi tí a ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni ibùsọ̀: abẹ́ igi tí ó ní ibòji, ẹ̀bá odò tí omi rẹ̀ mọ́, ibi tí obìnrin kan ti ń ta ẹ̀kọ tàbí àkàrà fún àwọn èrò ọ̀nà. Nígbà tí ó jẹ́ pé orí ni a fi ń gbé gbogbo ọjà, iye ìgbà tí a ó sọ̀ kí a tó dé ni ohun tí ó ṣe pàtàkì fún alárù. Ibi tí òkè bá pọ̀ sí, ibùsọ̀ a súnmọ́ ara wọn. Ibi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, wọn a jìn sí ara wọn. Bí èrò bá sọ pé ibùsọ̀ mẹ́fà ni ibi tí òun ń lọ, ó ti sọ gígùn ọ̀nà, ó ti sọ agbára tí yóò gbà, ó sì ti sọ àkókò tí yóò jẹ, lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí máìlì àwọn Òyìnbó dé, a wá ọ̀rọ̀ tí a ó fi pè é, a sì nawọ́ mú ibùsọ̀. N kò dá àwọn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Ọ̀nà ilẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rìn ín. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gba Ẹdẹ kọjá, tí ó sì dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ọ̀rọ̀ náà tún bá iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ pàdé, nítorí pé ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró kí èrò sọ̀ kalẹ̀ kí òmíràn sì wọlé, ibùsọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń sọ ẹrù kalẹ̀ lójú òfurufú ní máìlì máìlì? Bàálù tí ó bá gbéra ní Ìkẹjà tí kò sì dúró títí ó fi balẹ̀ ní Heathrow, ibùsọ̀ wo ni ó yà? Kò ya ọ̀kankan. A wá ń sọ pé ibùsọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún!

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù lọ ni ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, ní orílẹ̀-èdè Brazil. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa àṣà wa mọ̀ pé kò sí ìlú kan ní òdìkejì òkun tí àwọn òrìṣà Yorùbá ti fi ìdí múlẹ̀ bíi ti Salvador. Níbẹ̀ ni Ilê Axé Opô Afonjá wà, ilé Ṣàngó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1910, orúkọ rẹ̀ sì hàn gbangba sí etí ọmọ Yorùbá bí ìkọ̀wé rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ti Potogí. Lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ Brazil máa ń wà lára àwọn àlejò tí ó ń wá sí ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Láti Ara tí mo ti ń kọ ìwé yìí, nítòsí Ẹdẹ, Òṣogbo kò jìnnà rárá. Nítorí náà, ìbéèrè pé báwo ni Salvador ti jìnnà tó, ìbéèrè ilé ni lọ́dọ̀ wa.

Ẹ gbọ́ bí ó ti jìnnà tó: láti Salvador dé Èkó lójú òfurufú jẹ́ bíi 5,100 kìlómítà. Ẹ padà lọ wo ti London. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì kò ju bíi 100 kìlómítà lọ, èyí tí bàálù ńlá ń fò láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹ bá tẹ orúkọ Salvador àti Èkó sínú àwọn ẹ̀rọ ìṣirò orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn yóò sọ fún yín pé bíi wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ni ìrìn-àjò náà. Bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣe é kò le: ó fa ìlà láti ìlú kan dé èkejì, ó fi eré tí bàálù ń sá pín in, ó sì lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un fún gbígbéra àti bíbalẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni bóyá bàálù kankan ń gba ojú ìlà náà.

Ó sì ti pẹ́ gan-an tí arìnrìn-àjò Salvador kì í rí bàálù tí yóò gbé e wá sí Èkó tààrà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà nìyí: wọn yóò kọ́kọ́ fò lọ sí São Paulo ní gúúsù, bíi 1,450 kìlómítà. Láti ibẹ̀ wọn yóò fò lọ sí Addis Ababa, bíi 9,900 kìlómítà. Wọn yóò gba òkè Òkun Àtìláńtíìkì, wọn yóò wọ ilẹ̀ Áfíríkà, wọn yóò sì la àárín rẹ̀ kọjá lọ sí ìlà oòrùn. Láti Addis Ababa ni wọn yóò ti ṣẹ́rí padà sí ìwọ̀ oòrùn, bíi 3,900 kìlómítà, kí wọ́n tó balẹ̀ ní Ìkẹjà. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: ó lé ní 15,000 kìlómítà, ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà tí ẹ̀rọ wí. Ibùsọ̀ méjì ni ó wà nínú rẹ̀, wákàtí tí èrò sì ń lò ní ibùsọ̀ kan ṣoṣo lè ju wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ tí ẹ̀rọ kà fún odindi ìrìn-àjò lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní iye ibùsọ̀ ni kí a máa béèrè. London kò ní ibùsọ̀, Salvador ní méjì. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí ti mọ èwo ni ó jìnnà, bí kò tilẹ̀ gbọ́ iye kìlómítà kankan.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Nàìjíríà àti ti Brazil tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Brasília lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. São Paulo ni ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò tààrà náà dá lé. Ọ̀nà yẹn tó bíi 6,350 kìlómítà láti Èkó, ẹni tí ó ń lọ sí Salvador yóò sì tún ṣẹ́rí padà sí àríwá láti ibẹ̀. Ibùsọ̀ yóò dín sí ọ̀kan. Inú mi dùn sí i, àmọ́ Salvador gan-an ni ì bá wù mí jù.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ èdè lásán ni èyí. Ìyá kan wà ní Ara níhìn-ín tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin rìnrìn-àjò lọ sí Toronto láìpẹ́ yìí. Ọ̀dọ́mọdé kan ní àdúgbò ti fi fóònù ṣírò rẹ̀ fún un pé wákàtí mọ́kànlá ni. Ọmọ náà gbéra ní Èkó ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, màmá ti ń retí ìpè. Ní ọ̀sán, kò jẹun. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ó wá bá mi pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà.

"Tíṣà, ẹ gbà mí. Wákàtí mọ́kànlá tí wọ́n wí ti kọjá tipẹ́. Ṣé ẹ ò gbọ́ ìròyìn kankan nípa bàálù?"

Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo béèrè ìwé tíkẹ́ẹ̀tì tí ọmọ náà fi ránṣẹ́ sórí fóònù wọn, mo sì kà á. Ọ̀nà Yúróòpù ni wọ́n gbà, yóò sì dúró síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rìnlá kí ó tó wọ bàálù kejì.

"Mọ́mì," mo ní, "ẹ fọkàn balẹ̀. Ibùsọ̀ kan ń bẹ lójú ọ̀nà rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó wà báyìí."

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó ti sọ ẹrù ni. Ṣé ó máa rí nǹkan jẹ níbẹ̀?"

Ìyá yìí kò ka ìwé, kò sì mọ ohun tí kìlómítà jẹ́, ṣùgbọ́n bí ó ti gbọ́ ibùsọ̀ ni gbogbo rẹ̀ yé e, títí kan ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ká ní mo ti sọ fún wọn pé ibùsọ̀ tí ó wà láàárín Èkó àti Toronto lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún, bí àwọn ìwé ìròyìn wa ì bá ti kọ ọ́, mo rò pé wọn ì bá dákú mọ́ mi lọ́wọ́.

Aago pàápàá ń dá kún ìdàrúdàpọ̀ náà. Aago ìlú tí a ti gbéra ni a fi ń kọ ìgbéra sórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú tí a ó balẹ̀ sí ni a sì fi ń kọ ìbalẹ̀. Ká sọ pé ó di oṣù kìíní ọdún, tí bàálù kan gbéra ní Èkó ní aago mọ́kànlá alẹ́ tí ó sì balẹ̀ ní London ní aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀. Ẹni tí ó bá kàn yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì yóò ní wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ ni. Ara ẹni tí ó jókòó mọ̀ pé mẹ́fà àti ààbọ̀ ni, nítorí pé aago London fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa nígbà òtútù wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago méjèèjì a dọ́gba. Ti Atlanta tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú oṣù kìíní kan náà, bàálù tí ó bá gbéra ní Èkó ní aago mẹ́wàá alẹ́ lè balẹ̀ síbẹ̀ ní aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀. Lójú tíkẹ́ẹ̀tì, ó dà bí ẹni pé London àti Atlanta fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà bákan náà. Bẹ́ẹ̀ ni Atlanta tó bíi 9,400 kìlómítà, wákàtí méjìlá àti ààbọ̀ ni èrò sì fi jókòó.

Afẹ́fẹ́ òkè náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ó máa ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn, nítorí náà ìpadàbọ̀ láti Amẹ́ríkà máa ń yá ju ìlọ lọ, ó sì lè fi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ yá. Ọ̀rọ̀ òṣèlú náà ní tirẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger ní oṣù keje ọdún 2023, wọ́n ti òfurufú orílẹ̀-èdè náà pa láti ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ títí di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án. Àwọn bàálù tí ó ń ti Yúróòpù bọ̀ ní Èkó ní láti yà gba ibòmíràn, wákàtí sì lé sí i. Síbẹ̀, láàárín oṣù yẹn, àwọn ẹ̀rọ ìṣirò ṣì ń sọ ohun kan náà fún ẹni tí ó bá bi wọ́n.

Àwọn tí ó ṣáájú wa mọ ìrìn-àjò òkun pẹ̀lú ibùsọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi Aureol, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1951, ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ wa láàárín Èkó àti Liverpool fún bíi ọjọ́ mẹ́tàlá, ó sì ń ya Takoradi, Freetown àti Las Palmas kí ó tó dé. Orúkọ àwọn ibùsọ̀ wọ̀nyí ni arúgbó tí ó wọ ọkọ̀ náà á kọ́kọ́ kà fún yín bí ó bá ń rántí. Martiniano do Bonfim, ọmọ Bahia tí baba rẹ̀ mú wá sí Èkó ní ọdún 1875, gbé níhìn-ín fún nǹkan bí ọdún mọ́kànlá kí ó tó padà sílé. Ẹni tí ó bá rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nígbà náà kì í torí ọdún Ọ̀ṣun nìkan wá kí ó sì padà lọ́sẹ̀ kejì.

Ní ti àwa ará Ara, a tún ní ọ̀ràn tiwa tí ẹ̀rọ kò mọ̀ rárá. Kí a tó wọ bàálù, a gbọ́dọ̀ dé Ìkẹjà. Bí ẹyẹ bá fò láti ọ̀dọ̀ wa, bíi 180 kìlómítà péré ni, èyí tí bàálù ì bá fò ní bíi ìdá mẹ́rin wákàtí kan. Ojú títì lé ní 200 kìlómítà. Ní ọjọ́ tí ọ̀nà bá dára, wákàtí mẹ́rin lè gbé e. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ àjàgbé bá ṣubú ní òpópó Ìbàdàn sí Èkó, wákàtí tí èrò yóò lò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè ju èyí tí yóò lò láti Ìkẹjà dé London lọ. Nítorí náà, ẹni tí bàálù rẹ̀ yóò gbéra lálẹ́ ń kúrò nílé ní kùtùkùtù. Mo mọ àwọn tí ó ń lọ sùn ní Èkó ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, ọgbọ́n ni wọ́n sì fi ṣe é. Pápá ọkọ̀ òfurufú kan wà ní Ìdó-Ọ̀ṣun tí ó wà láti ayé àwọn amúnisìn, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́ kan náà tí Ara wà. Ìjọba Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá fi orúkọ M.K.O. Abíọ́lá sọ ọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ láti sọ ọ́ di ńlá. Iṣẹ́ náà kò tíì parí nígbà tí ó kúrò lórí oyè ní ọdún 2018. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín yóò sọ. Wọn yóò ní ibùsọ̀ ti wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè fún máìlì tipẹ́tipẹ́, àti pé bí a bá gbà kí máìlì àti kìlómítà wọlé, a ti ń fi èdè ẹlẹ́dẹ̀ẹ́ ba tiwa jẹ́. Èmi kò gbà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn yá máìlì lọ́wọ́ àwọn ará Róòmù, tí ó ń fi ẹgbẹ̀rún ìṣísẹ̀ ọmọ ogun wọn wọn ọ̀nà. Kìlómítà wá láti ọwọ́ àwọn Faransé, tí wọ́n fa "kìlo" inú rẹ̀ yọ láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ẹgbẹ̀rún. Olúkúlùkù yá a, kò sì sí ẹni tí èdè rẹ̀ kú. Ewu tí mo rí wà níbòmíràn: bí a bá fi ibùsọ̀ fún máìlì, tí a tún fi fún kìlómítà, kò ní sí ọ̀rọ̀ tí ó kù fún ibi tí arìnrìn-àjò ti ń dúró, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yá ti Gẹ̀ẹ́sì fún ìyẹn. Mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ báyìí. A ó wá lé ọ̀rọ̀ tiwa kúrò nínú yàrá tirẹ̀, a ó sì gba àlejò sí i.

Nítorí náà, báyìí ni mo ṣe ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láti kọ ọ́: "Láti Èkó dé London jẹ́ 5,000 kìlómítà, bàálù kò ya ibùsọ̀ kankan, wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ni." Àti: "Láti Salvador dé Èkó jẹ́ 5,100 kìlómítà bí ẹyẹ bá fò, ọ̀nà tí èrò gbà lé ní 15,000, ibùsọ̀ méjì ni, São Paulo àti Addis Ababa." Mo gbọ́ pé àwọn ìlú mìíràn ní ọ̀rọ̀ tiwọn fún ibi tí èrò ti ń sọ ẹrù. Bí ẹ bá mọ èyí tí àwọn àgbà ìlú yín ń lò, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí ẹ sì sọ ìlú tí ẹ ti gbọ́ ọ.